Tọ́ọ̀pù sílíńdà Ìjàpá: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á

Sí Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá ni mo fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ. Ó wà lára àwọn mọ́tò àtijọ́ díẹ̀ tí ọ̀dọ́ tí kò lówó rẹpẹtẹ ṣì lè rà ní Èkìtì, kí ó tún un kùn, kí ó sọ ọ́ di mọ́tò ìgbafẹ́ tó ń já fáfá. Ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí tọ́ọ̀pù sílíńdà bá sán, ìyẹn ìdérí orí sílíńdà, níbi tí púlọ́ọ̀gì àti fáàfù (ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín) wà. Ẹnì kan á ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n pe ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, kí wọ́n fi èyí tó bá kéré lówó ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta, tó ti wo fídíò lórí fóònù, á ní tọ́ọ̀pù oní-fáàfù ńlá lòun fẹ́. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó béèrè ìwọ̀n. Ìwọ̀n sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Tọ́ọ̀pù méjì ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, nítorí pé ńṣe ni sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sùn sílẹ̀, méjì kọjú síhìn-ín, méjì kọjú sọ́hùn-ún. Àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi da tọ́ọ̀pù méjèèjì. Kò sí rédíétọ̀, kò sí omi. Afẹ́fẹ́ ni omi Ìjàpá. Lára ẹ́ńjìnnì 1600 (ìwọ̀n rẹ̀ ní cc nìyẹn), kò sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì bíi ti Peugeot 504 láàárín tọ́ọ̀pù àti sílíńdà. Ẹnu sílíńdà onírin ló wọ inú ihò tọ́ọ̀pù tààrà, ojú irin lé ojú irin. Tí ihò yẹn bá ti fẹ̀ jù, tàbí tí ojú rẹ̀ bá ti jẹ, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tí yóò bo àṣírí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn mọ́tò yín, ẹ má sì gba ohun tí pépà mọ́tò wí. Lọ́dún 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá l'Ékòó láti inú ẹrù tó ń wá láti Brazil. Ibẹ̀ náà ni Igala, Volkswagen mìíràn, ti jáde. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ mọ́tò ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára káàsì, ìyẹn àpótí irin tó gbé ẹ́ńjìnnì ró, nísàlẹ̀ ibi tí jẹnẹrétọ̀ iná mọ́tò jókòó sí, ṣùgbọ́n káàsì lásán ni nọ́ńbà yẹn ń sọ fún yín, kò sọ sílíńdà tí ẹnì kan ti fi sínú rẹ̀. Ìwọ̀n inú sílíńdà ló ń sọ òótọ́: 77 mílímítà fún 1300, 83 fún 1500, 85.5 fún 1600 tó jẹ́ 1584 cc. Ẹ tún wo mánífóòdù, páìpù tó ń gbé epo àti afẹ́fẹ́ láti kábúrétọ̀ wọ tọ́ọ̀pù. Tí páìpù ẹyọ kan bá wọ tọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀pù ẹlẹ́nu kan lẹ ní. Tó bá ya sí méjì lórí tọ́ọ̀pù, tí rọ́bà dúdú sì so ó mọ́ èyí tó wà láàárín, ẹlẹ́nu méjì ni. Mánífóòdù ọ̀kan kì í wọ èkejì. Ẹni tó bá ra tọ́ọ̀pù ẹlẹ́nu méjì sórí ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́nu kan gbọ́dọ̀ ra mánífóòdù rẹ̀ pẹ̀lú, owó tí kò sì wà nínú ìṣirò rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá ní Karmann Ghia, mọ́tò eré tí wọ́n ṣe láti 1955 títí di 1974, ẹ́ńjìnnì Ìjàpá náà ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà gbogbo ohun tí mo ń kọ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún tọ́ọ̀pù Kọ́m̀bì (bọ́ọ̀sì Volkswagen) 1700, 1800 àti 2000. Ìdílé ẹ́ńjìnnì mìíràn nìyẹn, òun náà ni Porsche 914 oní-sílíńdà mẹ́rin lò. Lójú, ó jọ ti Ìjàpá. Kò lè wọ̀ ọ́ láé. Ọlọ́jà tí kò mọ̀ á tà á fún yín tọkàntọkàn.

Ó wá ku ìwọ̀n. Ẹ mú kálípà, irinṣẹ́ tó ń wọn fífẹ̀ ihò, dání lọ sọ́jà. Ihò tí ẹnu sílíńdà ń wọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Fún sílíńdà 85.5, ihò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 90 mílímítà. Fún 90.5 àti 92, 94 ni. Fún sílíńdà 94, 98 ni. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà á, ẹ má gba "á wọ̀ ọ́". Bí ihò bá fẹ̀ ju ẹnu sílíńdà lọ, iná á máa gba ẹ̀gbẹ́ yọ, á sì máa jẹ àlùmíníọ̀mù bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Sílíńdà 88 kan wà tí wọ́n ṣe kí ó lè wọ ihò 90 láìgé nǹkan kan. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, ooru ń wọ́ ọ, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni tó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè nímọ̀ràn pé kí ó rà á.

Ihò sítọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin tó ń de tọ́ọ̀pù mọ́ káàsì, ló kàn. Sítọ́ọ̀dù ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jẹ́ 10 mílímítà, ti èyí tó dé lẹ́yìn jẹ́ 8. Tọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe fún 8 kò ní kọjá lórí sítọ́ọ̀dù 10. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi díríìlì ọwọ́ fẹ ihò náà, nítorí ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ, tí ọ̀kan bá sì wọ́, tọ́ọ̀pù kò ní jókòó dáadáa.

Ẹnu púlọ́ọ̀gì náà ṣe pàtàkì. Tọ́ọ̀pù Ìjàpá tó jáde láti ilé iṣẹ́ ń lo púlọ́ọ̀gì tí tẹ́ẹ̀rẹ́dì rẹ̀ gùn ní 12.7 mílímítà. Nínú àwọn tọ́ọ̀pù tuntun tó wà lọ́jà lónìí, a rí èyí tó ń lo 19. Tí ẹ bá fi púlọ́ọ̀gì gígùn sínú tọ́ọ̀pù kúkúrú, orí rẹ̀ á yọ sínú ibi tí iná wà, á máa pọ́n, ó sì lè kan písítìn. Tí ẹ bá fi kúkúrú sínú gígùn, iná á fara pamọ́ sínú ihò, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́, ẹ̀ẹ́dú á sì dì mọ́ tẹ́ẹ̀rẹ́dì tó ṣófo, débi pé lọ́jọ́ tí ẹ bá ra púlọ́ọ̀gì tó yẹ, kò ní wọlé mọ́.

Lórí fáàfù, èrò mi kò yí padà: ìwọ̀n ilé iṣẹ́ ni kí ẹ rà, 35.5 mílímítà fún fáàfù ìwọlé àti 32 fún fáàfù èéfín. Tọ́ọ̀pù 40 sí 35.5 tí àwọn ọ̀dọ́ ń bèèrè, ẹ́ńjìnnì ńlá tó ní káàmù (ọ̀pá tó ń mú fáàfù ṣí) mìíràn àti kábúrétọ̀ méjì ni wọ́n ṣe é fún. Lórí 1600 oní-kábúrétọ̀ kan, afẹ́fẹ́ kì í yára nínú ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí lọ́ra, agbára ìsàlẹ̀ á sì dínkù. Agbára ìsàlẹ̀ gan-an ni à ń lò láti Àrámọ̀kọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Èyí tó burú jù ni pé bí fáàfù bá ṣe tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni àlùmíníọ̀mù tó wà láàárín síìtì méjèèjì (òrùka tí fáàfù ń jókòó lé) ń tín-ín-rín sí i, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ máa ń sán. Owó gọbọi ni ẹni náà fi ra tọ́ọ̀pù tí kò ní pẹ́ bí èyí tó yọ sọnù.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì kì í wọ̀n ni àyè tí iná ti ń jó nínú tọ́ọ̀pù. Kò le. Ẹ ra síríńjì 20 ml ní ilé egbòogi. Ẹ dojú tọ́ọ̀pù sókè kí ó tẹ́ rẹ́gí, púlọ́ọ̀gì àti fáàfù wà nípò wọn. Ẹ gé pílásítíìkì líle tó mọ́ gaara ní roboto kí ó lè wọ inú ihò 90 yẹn, kí ó jókòó síbi tí ẹnu sílíńdà ń jókòó, ẹ lu ihò kékeré kan sí i, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ dí etí rẹ̀. Ẹ wá máa fa kẹrosíìnì sínú síríńjì, kí ẹ máa tì í gba ihò náà wọlé títí tí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ kankan lábẹ́ pílásítíìkì, kí ẹ sì máa kà á. Nínú tọ́ọ̀pù 1600 tí ẹnikẹ́ni kò tíì fá lójú, ẹ ó bá bíi 50 cc. Sílíńdà kan nínú 1600 jẹ́ 396 cc. Bí písítìn bá dúró ní 1.5 mílímítà sísàlẹ̀ ẹnu sílíńdà, àyè yẹn jẹ́ bíi 8.6 cc. Ẹ ro 50 mọ́ 8.6, ó di 58.6, ẹ ro 396 mọ́ ọn, ó di 454.6, ẹ fi 58.6 pín in, kọ̀m̀púrẹ́ṣọ̀n yín, ìyẹn bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó, jẹ́ 7.8 sí ẹyọ kan. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀pù tí lẹ́ẹ̀dì (ẹ̀rọ tó ń gé irin) ti fá lẹ́ẹ̀mejì lè ti wálẹ̀ sí 44 cc, ìṣirò kan náà á sì gbé e dé 8.5. Epo bẹntiróòlù wa lásán kò dára fún un nínú ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ nìkan ń tù lára: á máa kan gbà-gbà-gbà tí ẹ bá tẹ ẹ́ lórí òkè, orí písítìn á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wọn àyè iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí apá ọ̀tún bá jẹ́ 50, tí apá òsì jẹ́ 45, ẹ́ńjìnnì kò ní rọlẹ̀ láé, bó ti wù kí ẹ tún kábúrétọ̀ ṣe tó. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ pààrọ̀ tọ́ọ̀pù méjèèjì pọ̀ nìyẹn, àfi tí ẹ bá wọ̀n wọ́n tí ẹ rí i pé wọ́n bára mu.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ fáàfù kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹ̀ẹ́dú inú rẹ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì kùn ún, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, ẹ wá fi ẹfun tí ẹ lọ̀ kúnná wọ́n ọn. Níbi tó bá sán, kẹrosíìnì á rọra yọ, á fa ìlà dúdú sára ẹfun. Ẹ wo àárín síìtì méjèèjì, kí ẹ sì wo láti síìtì lọ sí ihò púlọ́ọ̀gì. Ibi méjì yìí ni àrùn rẹ̀. Ẹ dá fáàfù padà sínú gáìdì, ihò tí ọ̀pá rẹ̀ ń gbà, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kúrò lórí síìtì, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Tí orí rẹ̀ bá mì ju 0.8 mílímítà lọ, gáìdì ti tán. Ẹ ka ìyẹ́ pẹlẹbẹ tó wà lára tọ́ọ̀pù: èyí tó ti kán kò lè gbé ooru dànù mọ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ihò 90 náà, níbi tí ẹnu sílíńdà ń jókòó: ó gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó má ní ojú ọ̀nà dúdú tí iná ti gbà kọjá.

Tuntun náà ní wàhálà tirẹ̀, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Ìjàpá tó kẹ́yìn jáde ní Mexico lọ́dún 2003, nítorí náà àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba. Ẹ gbé tọ́ọ̀pù tuntun sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wò láàárín àwọn ìyẹ́ rẹ̀, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà èéfín. Ẹ ó rí àṣẹ́kù àlùmíníọ̀mù tí wọn kò gé kúrò nígbà tí wọ́n dà á, tó dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa. Fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ àti sùúrù ìrọ̀lẹ́ kan ló ń mú un kúrò. Ẹni tí kò bá yọ ọ́, ó ra tọ́ọ̀pù tuntun tó ń gbóná ju ti àtijọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo fáàfù, ẹ fi páàsìtì lọ̀ wọ́n sórí síìtì wọn títí ẹ ó fi rí òrùka eérú tó yí i ká láìjá. Ẹ tò wọ́n padà, ẹ da bẹntiróòlù sínú ihò iná, jìnnà sí iná o, kí ẹ wo inú ẹnu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ń jò, ẹ tún un lọ̀.

Ní ti wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́. Síìtì fáàfù kò ní bóòtù tó dè é. Fífún tí wọ́n fún un mọ́ inú àlùmíníọ̀mù ló mú un dúró. Iná wẹ́dà ń mú ihò náà gbòòrò, ó sì ń wọ́ ojú tọ́ọ̀pù. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí síìtì wá jábọ́ lórí eré, kí fáàfù tẹ̀, kí písítìn lu ú, kí gbogbo ẹ́ńjìnnì bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jó o dáadáa gbọ́dọ̀ yọ síìtì, kí ó mú tọ́ọ̀pù gbóná ṣáájú, kí ó fi ẹ̀rọ TIG jó o, kí lẹ́ẹ̀dì tún gbogbo ojú rẹ̀ gé, kí wọ́n fi síìtì tuntun sí i. Tí ẹ bá ṣírò gbogbo ìyẹn, ẹ ó rí i pé tọ́ọ̀pù mìíràn ló sàn.

Kí ẹ tó de tọ́ọ̀pù tuntun, ẹ wá ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Lábẹ́ sílíńdà kọ̀ọ̀kan, páànù kékeré kan wà tó ń darí afẹ́fẹ́ kí ó yí sílíńdà ká. Ní ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti yọ páànù yìí dànù nítorí pé ó ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n yọ rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká pẹ̀lú, wọ́n sì sọ rọ́bà etí wáyà púlọ́ọ̀gì nù. Láìsí wọn, afẹ́fẹ́ tútù ń gba ibi tó rọrùn sá lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti abẹ́ mọ́tò sì ń padà wọlé. Ẹ tún wo rọ́bà mánífóòdù: èyí tó ti sán ń fa afẹ́fẹ́ lásán, epo á kéré, iná á gbóná. Ẹ tẹ bẹ́líìtì fáànù lábẹ́ àtàǹpàkò, kí ó rọ̀ tó bíi 15 mílímítà, kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí tàímíǹgì, ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń taná, má ṣáájú jù. Tó bá jẹ́ fáàfù èéfín ti sílíńdà 3 ló já, èyí tó wà níwájú lápá òsì, ẹ wo kúlà ọ́ìlì: nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, inú ilé fáànù ló dúró sí, ó sì ń dí sílíńdà 3 lójú afẹ́fẹ́. Láti módẹ́ẹ̀lì 1971 ni Jámánì ti yọ ọ́ sí ọ̀nà tirẹ̀.

Awakọ̀ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Fáànù Ìjàpá jókòó sórí ọ̀pá jẹnẹrétọ̀, bẹ́líìtì láti ara ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Ẹni tó bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n tàbí Òkèmèsí ní jíà 4, tó tẹ epo mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́, ooru pọ̀, fáànù kò fẹ́. Ẹ já a sí 3, tàbí 2, kí ẹ́ńjìnnì ké, kí afẹ́fẹ́ pọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń dè é, ẹ fa páìpù pọ́ọ̀ṣì rọ́ọ̀dù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ (àwọn tó bo ọ̀pá tó ń ti fáàfù) gùn títí wọ́n á fi tó 190 sí 191 mílímítà, kí ojú ìjápọ̀ wọn kọjú sókè, kí rọ́bà tuntun wà lẹ́nu wọn. Ẹ dá páànù abẹ́ sílíńdà padà kí tọ́ọ̀pù tó wọlé. Nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló wà lórí tọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì, sípánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń dè é, dè wọ́n dé 10 Nm lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ẹ máa lọ síta ní àgbékọjá: 32 Nm fún sítọ́ọ̀dù 10, 25 Nm péré fún sítọ́ọ̀dù 8. Ẹni tó bá fi agbára apá dè é, inú káàsì ni sítọ́ọ̀dù á ti fa tẹ́ẹ̀rẹ́dì jáde, nítorí pé àdàpọ̀ magnesium ni káàsì, ó rọ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà 2.5 lọ.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ẹ sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo fáàfù, sí 0.15 mílímítà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sílíńdà 1 nígbà tí fáàfù rẹ̀ méjèèjì tì, ẹ yí púlì sẹ́yìn ní ìdajì ìyípo fún 2, ìdajì fún 3, ìdajì fún 4. Lẹ́yìn 500 kìlómítà, ẹ tún wọn gbogbo wọn, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá sílẹ̀ sínú ìwé. Fáàfù tí àlàfo rẹ̀ pa dé díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ń jókòó sí ipò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún un ṣe, tí ẹ padà bá a lẹ́yìn 500 kìlómítà mìíràn pé òun nìkan ló tún ti pa dé, yálà síìtì rẹ̀ ń rì, tàbí ọrùn fáàfù náà ń gùn. Ẹ má tún un sẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ tọ́ọ̀pù apá yẹn lọ́jọ́ náà, kí mọ́tò má lọ síbì kankan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kan,
Adó-Èkìtì.